Ṣé Dandan Ni Kí Sípíkà Tuntun Kọ́kọ́ Rọ̀ Kí Ohùn Rẹ̀ Tó Là?

Alhaja kan láti Ìgbógbó gbé sípíkà méjì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Sábó, ní Ìkòròdú níbí, níbi tí mo ti ń tún ańpù àti sípíkà ṣe. Ọmọ wọn ló rà á fún wọn, kí wọ́n lè máa fi gbọ́ wáàsí àti orin fújì ní pálọ̀. Inú wọn kò dùn rárá. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti tan án, béèsì kò jáde, ohùn oníwàásù sì ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Ọmọ wọn ti pe ẹni tó tà á, ẹni yẹn sì fèsì pé: "Sípíkà tuntun ni, ẹ jẹ́ kó rọ̀ ná. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún wákàtí, ohùn rẹ̀ máa là fúnra rẹ̀." Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ń tan án lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ méje tí wọ́n fún wọn láti dá ọjà padà kọjá lọ. Ohùn kò là.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà. Ẹlòmíì á ní wákàtí ogún, ẹlòmíì á ní igba. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí a ti sípíkà mọ́ inú yàrá, kí orin máa lù lọ́sàn-án lóru fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó jókòó gbọ́ ọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Irọ́ tó rọ̀ mọ́ òótọ́ yẹn ló pọ̀ jù, òun ló sì ń náni lówó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú sípíkà. Ohun tí ẹ ń rí níwájú, tó ń mì tí orin bá wọlé, ni à ń pè ní kóònù. Pépà ni, tàbí ike, tí wọ́n ṣe bí ohun tí ìyá oníkẹrosín-ìn fi ń rọ epo sínú ìgò. Lẹ́yìn kóònù ni kọ́ìlì wà, wáyà bàbà tín-ínrín tí wọ́n wé yípo bí òwú télọ̀ ṣe ń wé mọ́ rílì. Àlàfo tóóró kan láàárín mágnẹ́ẹ̀tì ni kọ́ìlì yìí ń gbé. Tí iná láti inú ańpù bá gba inú rẹ̀ kọjá, mágnẹ́ẹ̀tì á tì í síwájú, á tún fà á sẹ́yìn, kóònù á máa bá a lọ á máa bá a bọ̀, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n, etí wa á sì gbọ́ ohùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, ló ṣàlàyé irú sípíkà yìí fáyé ní 1925, èyí tó wà nílé yín lónìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn.

Ohun méjì ló di kóònù mú kó má baà ṣubú síbì kan. Àkọ́kọ́ ni etí rẹ̀ lókè, rọ́bà tàbí fóòmù tàbí aṣọ. Èkejì fara sin sísàlẹ̀, lẹ́bàá kọ́ìlì, a kì í sábà rí i. Aṣọ ni, wọ́n rì í bọ inú oje tó máa ń gan, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po yípo bí pílíìtì ara síkẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé. Spider ni àwa tí à ń tún sípíkà ṣe ń pè é. Spider yìí gan-an ni gbogbo àríyànjiyàn náà dá lé lórí.

Bí ẹ bá bá mi níbi tí mo ti ń pààrọ̀ kóònù wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì jáde, màá gbé spider tuntun lé yín lọ́wọ́ kí ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀. Ó gan. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níbi tí ìṣẹ́po wà. Oje tó ti gbẹ sínú òwú ló ń já. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ yẹn á dákẹ́, ọwọ́ yín á sì mọ̀ pé ó ti rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ó rí bí agbádá tí alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sítáàṣì lọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, apá rẹ̀ ò fẹ́ ká. Ẹ gbé apá sókè sódò nígbà mélòó kan, ibi tó yẹ kó ká á ká, ó parí. Kò sí agbádá tó máa ń fi odidi oṣù kan rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn o: sípíkà tuntun máa ń rọ̀. A lè fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n pàápàá. Gbogbo wúfà ló ní iye ìgbà tí kóònù rẹ̀ fẹ́ràn láti máa mì fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí agogo tí a lù ṣe ní ohùn tirẹ̀. Neville Thiele, ọmọ Ọsirélíà, kọ nípa bí a ṣe lè fi irú iye báyìí mọ àpótí tó bá wúfà mu ní 1961. Richard Small tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, títí dòní sì ni orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí àwọn iye wọ̀nyẹn nínú ìwé tó ń bá wúfà wá. Ká sọ pé wúfà kan ń mì nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ẹ yọ ọ́ nínú páálí. Tí ẹ bá lù ú dáadáa, ó lè wá sí 37. Aṣọ tó dì í mú ti rọ̀, kò fà á padà kíákíá mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà yẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kóònù bá ti lọ tó bọ̀ dáadáa. Ọgọ́rùn-ún wákàtí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ ló tún máa ń fi ohùn dán sípíkà kọ̀ọ̀kan wò kó tó wọ páálí. Wọ́n á gbé ohùn kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè gba inú rẹ̀ kọjá, láti mọ̀ bóyá kọ́ìlì ń ha nǹkan. Àwọn tó ń ṣe wúfà ńlá tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé lẹ́yìn tí àwọn ti gbọn wúfà náà dáadáa ni àwọn tó wọn àwọn iye tó wà níbẹ̀. Lára rírọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ máa dúró dè ti lè ṣẹlẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi rárá.

Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé etí ènìyàn lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín 40 àti 37 yẹn? Nínú àpótí, ó ṣòro gan-an. Ẹ rántí póńpù kẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa ti ọwọ́ yín padà. Bí ọ̀rọ̀ àpótí sípíkà tí wọ́n dí pa ṣe rí nìyẹn. Bí kóònù bá lọ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ inú àpótí á tì í padà, agbára afẹ́fẹ́ yìí sì sábà máa ń ju ti spider lọ. Nígbà tí aṣọ bá rọ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ ò rọ̀. Nínú àwọn iye Thiele àti Small pàápàá, bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílẹ̀ ni òmíràn ń lọ sókè, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ tó bá di ohùn tó ń jáde síta. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù kì í sábà tó déṣíbẹ́ẹ̀lì kan (déṣíbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó). Bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá gbé sípíkà kan náà láti àárín pálọ̀ lọ sẹ́bàá ògiri, béèsì rẹ̀ lè fi tó déṣíbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lọ sókè. Sísún sípíkà lórí tábìlì ń yí ohùn padà ju fífi oṣù kan dúró dè é lọ.

Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí wé ọ̀kadà. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọn kì í sáré lórí máṣíìnì tuntun, a máa ń rọra gùn ún ná?" Òótọ́ ni fún máṣíìnì. Irin ń fi ara ha irin nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn òrùka ara písítìnì gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, ọ́ìlì àkọ́kọ́ sì máa ń kó èérún irin jáde. Kò sí ohun tó ń ha ohun kan nínú sípíkà tó pé. Tí nǹkan bá ń ha níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìlù ni ì bá dáa kí wọ́n fi wé. Àwọn ọmọ Àyàn mọ̀ pé awọ máa ń gbọ́ràn sí ojú ọjọ́ lẹ́nu. Ìlù tó ti dẹ̀ nítorí òjò, wọ́n á sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yá a níná, ohùn rẹ̀ á sì jí. Lọ́jọ́ kejì tí òjò bá tún rọ̀, ó tún di iṣẹ́. Kò sí onílù tó máa sọ fún yín pé ìlù òun ti gbó tó, pé kò ní yí padà mọ́ láé. Aṣọ àti rọ́bà inú sípíkà rí bẹ́ẹ̀ náà. Òtútù máa ń mú un gan díẹ̀, ooru á mú un rọ̀. Bí ẹ bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, díẹ̀ nínú gígan rẹ̀ á padà, á sì tún rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá tún tan án.

Ẹ lè wá sọ pé, "Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi gbọ́ ọ pé ohùn rẹ̀ yí padà." Mo gbà yín gbọ́. Ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́. Etí yín ló rọ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé ilé kan tó kọjú sí garáàjì, mi ò lè sùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Láti aago márùn-ún ìdájí ni àwọn kọ̀ǹdọ́ ti ń ké "Ketu! Mile 12!" Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, àlejò ló ń rán mi létí pé ariwo wà níta. Garáàjì ò yí padà, àwọn kọ̀ǹdọ́ ò dín ohùn kù. Báyìí náà ni sípíkà tuntun ṣe máa ń ṣe etí ẹni. Ohùn èyí tí ẹ ti lò fún ọdún márùn-ún ni etí yín mọ̀, gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ló ti di bó ṣe yẹ kí orin rí lọ́kàn yín. Tuntun dé, ohùn rẹ̀ ṣàjèjì, ẹ ní ó le jù tàbí ó mú jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, àjèjì di ará ilé, ẹ wá ní ó ti là. Kò sì sẹ́ni tó lè gbé ohùn ọjọ́ àkọ́kọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní kí ẹ fi wéra.

Ojú pàápàá máa ń bá etí gbọ́rọ̀. Floyd Toole àti Sean Olive, àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ìgbà pípẹ́ ṣèwádìí lórí sípíkà, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1994. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn gbọ́ àwọn sípíkà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì fún wọn ní máàkì. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń fojú rí wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ta aṣọ bò wọ́n. Máàkì yí padà. Bí àpótí ṣe tóbi tó, bó ṣe lẹ́wà tó àti irú ẹ̀yà tó jẹ́ ti wọnú ohun tí wọ́n pè ní gbígbọ́.

Èmi náà dán an wò lọ́nà tó mọ ní ìwọ̀n tèmi. Wọ́n ní kí n so sípíkà mẹ́rin mọ́ ilé ìjọsìn kan, irú kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì dé ṣáájú, wọ́n ti lò wọ́n fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí méjì yòókù tó dé nínú páálí. Mo gbé ọ̀kan nínú ògbólógbòó àti ọ̀kan nínú tuntun kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi ìró wọn dọ́gba, mo ju aṣọ ńlá kan bò wọ́n. Olórí akọrin wọn sọ pé etí òun kò ní tan òun. Ìgbà mẹ́wàá ni mo yí i fún un, kó mú èyí tí ohùn rẹ̀ là jù. Ó mú ògbólógbòó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó mú tuntun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ká ní owó ẹyọ la jù sókè, ohun tí à bá rí nìyẹn.

Mo fẹ́ yọ àwọn kan sọ́tọ̀. Sípíkà gìtá tó ní kóònù pépà àti etí aṣọ líle máa ń yí padà ju ti pálọ̀ lọ, àwọn onígìtá sì mọ̀ ọ́n. Wúfà ńlá tí àwọn onírẹ́ńtà ń gbé lọ sí òde àríyá náà máa ń gan gan-an tó bá jẹ́ tuntun. Ti àwọn tó ní wáyà sípíkà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀ kò mú ọgbọ́n dání rárá: wáyà ò ní ohun tó ń mì, kí ni yóò rọ̀?

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi sípíkà tuntun gbọ́ orin bí ẹ ṣe máa ń gbọ́ ọ, ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú yàrá, fún wákàtí kan tàbí méjì. Ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lù ú ní àlùbolẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ kó rọ̀ kíákíá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti apá Ẹ̀bútẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣí wúfà rẹ̀ dé òpin mọ́jú. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn jíjó kọ́kọ́ jáde sí mi nímú, irú òórùn tí mọ́tò fáànù máa ń ní tó bá jó. Kọ́ìlì tó yẹ kó máa dán bí bàbà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, wáyà rẹ̀ ti tú, ó sì ti há sínú mágnẹ́ẹ̀tì. Ohun kan ṣoṣo tó lè rọ̀ níbẹ̀ ti rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo wákàtí tó kù, ooru ló ń fi dá kọ́ìlì lóró. Ańpù kékeré tí wọ́n ṣí dé góńgó burú ju ańpù ńlá tí wọ́n rọra ṣí lọ, torí ohùn tó ti fọ́ ló ń rán lọ sí twítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ínrín jáde, twítà kì í sì í lè gbà á pẹ́.

Níbi tí a wà yìí, lẹ́bàá ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn sípíkà ló yẹ kó máa kọ wá lóminú ju ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ etí fóòmù. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ ó fọwọ́ kàn án, á sì rún bí àkàrà tó sùn. Bí owó bá wà, ẹ ra èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà.

Ẹ tún bá mi ṣírò ọgọ́rùn-ún wákàtí yẹn. Tí ẹ bá ń lò ó fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ogún ọjọ́ nìyẹn. Bí ẹni tó tà á bá fún yín ní ọjọ́ méje láti dá a padà, wákàtí márùndínlógójì péré ni ẹ ó tíì lò nígbà tí àyè yẹn bá dí. Ẹni tó sọ ọ́ lè má ní ìwà jìbìtì lọ́kàn. Bóyá bí wọ́n ṣe sọ fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tiyín ni. Ohùn tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lọ́jọ́ kẹta, ẹ ti gbé e yí ká yàrá, ẹ ti yẹ wáyà wò, tí kò sì yàtọ̀, ẹ dá a padà lọ́jọ́ kẹrin.

Ní ti àwọn sípíkà alhaja, mi ò tíì so wọ́n mọ́ ańpù tí mo fi mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Mo fi wáyà kékeré méjì kan ẹ̀yìn sípíkà àkọ́kọ́, pupa sí orí bátìrì, dúdú sí ìdí rẹ̀, fìrí báyìí, mo sì mú un kúrò. Kóònù wúfà yọ síta. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ṣe bákan náà fún èkejì. Kóònù tirẹ̀ wọlé.

Mo fi han alhaja. Mo ní, "Ẹ wò ó, mà. Nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ yín, èkejì ń fà á padà. Béèsì ò lè jáde." Mo tú ẹ̀yìn àpótí kejì. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti jó wáyà pupa mọ́ ibi tó yẹ kí dúdú wà. Tí ẹ bá fi ẹgbẹ̀rún wákàtí lù ú, wáyà ò ní ti ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo jó o padà síbi tó yẹ, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo wá so méjèèjì mọ́ ańpù, mo fi orin fújì tó wà lórí fóònù wọn sí i.

Gángan ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ni béèsì, ó sì kún ṣọ́ọ̀bù. Alhaja dìde lórí àga. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n dá orin dúró, wọ́n pe ọmọ wọn. Wọ́n ní kó má pa á o, kó dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n fi orin náà sí i láti orí fóònù tèmi, wọ́n sì na tiwọn sí iwájú wúfà kí ọmọ náà gbọ́ ọ.